Èyí Tí Kò Gòkè

Pẹ́ńsù ni mo fi fa ìlà ìsàlẹ̀.
Bírò kò dára: tí omi bá kàn án,
òun náà á dìde, á bá wọn gòkè,
á di ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò pè.
Ọ̀gá Agúnlóyè ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀
ní yàrá ìwádìí kan ní Ifẹ̀,
níbi tí fèrèsé kẹta kò tíì pa dé
láti ọdún tí mo ti wọlé.

Àwo náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
gíláàsì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun funfun kùn
bí ẹni fi ẹfun kun ògiri.
Àwo tí kì í bo awo.

Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́radéyọ̀ fi oògùn ránṣẹ́ láti Iléṣà,
ó wé e sínú ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀:
“Ọjọ́ mẹ́ta ni Akínfẹ́nwá fi lò ó,
ibà náà kò tilẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́.”
Páálí rẹ̀ ń dán. Ó ní àmì, ó ní nọ́ńbà,
ó ní orúkọ ìlú òkèèrè tí ẹnu mi kò gbà.

Mo lọ hóró kan kúnná,
mo pò ó mọ́ ọtí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu,
mo fi ọ̀pá gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin
kán an sórí ìlà.
Kán an, jẹ́ kó gbẹ. Kán an, jẹ́ kó gbẹ.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo kán ojúlówó sí,
èyí tí a tì mọ́ inú fìríìjì bí ẹni ti wúrà mọ́lé.
Ojú lásán kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ìgò jáàmù àtijọ́ ni mo gbé wọn sí,
omi inú rẹ̀ kò ga tó èékánná.
Mo dé e. Mo jókòó.
Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwo
bí ọ̀rinrin ṣe ń gun ògiri alámọ̀ ní oṣù keje,
kò sí ẹni tó tì í, kò sí ẹni tó fà á.
Ohun tó bá fẹ́ràn ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín,
ohun tó bá fẹ́ràn omi á bá omi lọ.
Ibi kan náà ni gbogbo wọn ti gbéra,
ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n jọ dé.

Omi dé ìdajì, iná lọ.
Fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì:
“Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?”
N kò fèsì.

Nígbà tí iná dé, mo ti yọ àwo,
mo ti sàmì sí ibi tí omi dé kó tó gbẹ.
Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò
gbogbo rẹ̀ tàn bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú;
ojúlówó dúró lókè, ó dúdú bí ẹyinjú.
Ní ojú ọ̀nà ará Iléṣà,
kò sí nǹkan.
Mo nu gíláàsì ojú mi.
Kò sí nǹkan.

Mo gbé e sínú ìgò áyódínì.
Nǹkan kan yọ jáde lórí ìlà gan-an, ó ṣú bí aró:
sítáàṣì,
irú èyí tí ìyá wa fi ń lọ ọrùn ẹ̀wù ilé ìwé wa.

Mo mú rúlà. Ojúlówó: mẹ́rin ààbọ̀ nínú mẹ́jọ.
Ọwọ́ mi kò gbọ̀n nígbà tí mo kọ ìyẹn.
Ará Iléṣà: òdo nínú mẹ́jọ.

Ọ̀gá Agúnlóyè wò ó títí.
“Tún un ṣe,” ló wí. “Lẹ́ẹ̀mẹta.”
Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pe Mọ́radéyọ̀ ná:
“Gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, má dúró de ilẹ̀ mọ́.
Mú páálí náà dání.”
Lẹ́yìn náà ni mo tún un ṣe.
Òdo. Òdo. Òdo.

Àmì áyódínì kì í pẹ́ tó fi ń ṣá,
ìdí nìyí tí a fi ń fi pẹ́ńsù yí i ká.
Mo yí ojúlówó ká.
Mo sì fa òbìrí kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀
yí ibi tí kò sí nǹkan ká,
kí ẹni tó bá wò ó lẹ́yìn mi lè mọ
ibi tí oògùn yẹ kó wà.