Àpótí Gogoro

Yìnyín ń jábọ́ lójú fèrèsé ní Oulu
nígbà tí Raimo gbé àpótí kọ̀ǹpútà kalẹ̀ nílé ìdáná.
Ó ga dé àyà Aliisa, ọmọ ọmọ rẹ̀,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Bàbá tó fi ogójì ọdún jó irin
níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi
kò wo gíláàsì, kò wo iná aláràbarà.
Ó fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kó, kó.
“Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gé ni lọ́wọ́.”

Aliisa ki rúlà bọnú rẹ̀.
Fáànù mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn;
àyè wáyà, ìka méjì péré.
Asẹ́ eruku há,
àfi ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ bọ́tà yọ ọ́.
“Ilé ńlá, ẹnu ọ̀nà tóóró,” ni ọmọ náà wí.

Raimo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò òkè
bíi pé ooru ti ń jáde níbẹ̀.
Láti oṣù kẹfà, àga kan ṣófo nídìí tábìlì.

“Ó tóbi ju ohun tí a ní lọ, Bàbá.”
“Jẹ́ kó tóbi.
A ó máa rí nǹkan fi sínú rẹ̀,
ní Sátidé, Sátidé.”