Ohun Tí N Kò Tíì Wò

Lámídì onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró létí mi:
"Tíṣà, wọ́n ní ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì tó jọ jáde,
bí a bá wo ọ̀kan ní Láfẹ́nwá,
èkejì á ti pinnu l'Ámẹ́ríkà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ físíìsì ní Ìdí-Abà,
kò sẹ́ni tó béèrè.
Ní báyìí ọlọ́kadà ń béèrè,
ìyàwó pásítọ̀ ní ṣé bí àdúrà ni.

Kì í ṣe àdúrà. Kì í ṣe tẹlifóònù:
ẹ ò lè fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.
Mo bọ́ sálúbàtà, mo fi ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn.
"Ẹ rí ti òsì, ẹ ti mọ èyí tó kù.
Ṣùgbọ́n bàtà ti mọ ara rẹ̀ látilẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyí kò tíì jẹ́ òsì, kò tíì jẹ́ ọ̀tún,
àfìgbà tí ẹnì kan bá wò wọ́n."

"Ó jọ irọ́," ni Lámídì wí. Ó ń fá orí mi lọ.

Mo délé. Páálí tí wọ́n kó ẹrù Mosúnmọ́lá sí
ní ọsibítù ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
okùn rẹ̀ kò tú.
Ọdún kẹta rèé.
N kò tíì wò ó.