Ewé Ẹ̀yìnkùlé

Ní kíláàsì kẹrin, nílé ìwé ẹ̀gbẹ́ àpáta ní Ìsánlú,
mo ní kí àwọn ọmọ ya ewé mẹ́fà tí à ń jẹ,
kí wọ́n kọ orúkọ sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo gbọn ẹfun dànù lọ́wọ́, mo jókòó, mo ń retí.

Wọ́n ya ewé mẹ́fà lóòótọ́.
Wọ́n kọ ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́,
ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́.
Àfi Ẹniọlá, ọmọ Jẹ́mirin aránṣọ,
tó kọ "oúnjẹ ewúrẹ́" sídìí ìkẹfà.

Mo ní, ó dáa, ẹ dárúkọ ìndómì tí ẹ mọ̀.
Háà! Kíláàsì hó bí omi orí iná.
Aláta, aládìẹ, alálùbọ́sà,
kékeré, àgbà, àjẹyókùn.
Wọ́n mọ àwọ̀ ọ̀rá rẹ̀, wọ́n mọ iye rẹ̀ kó tó wọ́n,
wọ́n mọ iye tó dà lẹ́yìn Kérésì.

Ọ̀dú tí kì í ṣe àìmọ̀ fólóko
ti dàlejò lójú ọmọ olóko.
Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara mi dùn mọ́ mi.
Mo sọ ọ́ fáwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo tún un sọ
fún ọkùnrin tó ń ta epo bẹntiró ní ìkóríta.

Ní ọjọ́ kẹta Ẹniọlá dé,
ó kó ewé kan sínú ọ̀rá ìndómì,
ewé wẹ́wẹ́, igi rẹ̀ pọ́n bí ẹsẹ̀ ẹyẹlé.
"Tíṣà, ẹ̀yìnkùlé wa ló hù sí. Kí là ń pè é?"

Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn.
Mo gbóòórùn rẹ̀: ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ kàn.
Mo ti jẹ ẹ́ rí. Mo mọ àwo tí mo ti jẹ ẹ́,
àwo tánganran ìyá mi, tó fọ́ létí.
Orúkọ rẹ̀ dé orí ahọ́n mi, ó yà bá ibòmíràn lọ.
Mo ní, "Ẹ̀fọ́ ni."
Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo gbé e lọ bá Yèyé Médáyésẹ̀ nísàlẹ̀ àdúgbò,
ẹni tó roko etídò títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.
"Ọ̀kún o, Yèyé."
"Ọ̀kún, ọmọ mi. Wọlé."
Ó ń jẹun. Ìndómì ni, ó rọ̀ bí ògì.
Ó fura sí ìdákẹ́ mi, ó gbé ṣíbí sílẹ̀:

"Eyín mélòó lo rí lẹ́nu mi?
Ta ni yóò lọ já a? Ta ni yóò ṣà á,
tí yóò fọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta?
Àwọn tó ń bá mi já a ti wà lÁbùjá.
Páálí yìí ni wọ́n fi ń kí mi.
Kí n tó kà dé ọgọ́rùn-ún, mo ti yó.
Ìwọ tíṣà, kí lo jẹ lánàá?"

Búrẹ́dì ni. Búrẹ́dì àti sadíìnì,
èmi tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń dún nínú àpò mi.

Ó gba ewé náà, kò wò ó, ojú rẹ̀ ti ṣú.
Ó fi àtàǹpàkò rún un, ó fi kan ahọ́n.
Ó dákẹ́ títí, adìẹ kan wọlé, ó tún jáde.
Ó wá pè é lórúkọ, lẹ́nu Yàgbà àtijọ́,
orúkọ tí mi ò gbọ́ mọ́ látìgbà tí a ti sin ìyá mi.
Ó já èyí tó kù sínú àwo gbígbóná, ó rò ó pọ̀.
"Jẹ."
Mo jẹ. Ó korò díẹ̀, iyọ̀ inú ọ̀rá ò sì kúrò níbẹ̀.
A jọ lá àwo náà gbẹ ni.

Lọ́jọ́ Ajé mo kọ orúkọ náà gàdàgbà sára pátákó.
Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè.
Ọ̀kan nawọ́ lẹ́yìn,
ó béèrè pé èló ni.