Méjìlá àti Díẹ̀

Ní Kugbo, Ìlíyà rìwáyà fi ẹnu ẹ̀rọ kàn bátìrì mi lórí.
Iná aláwọ̀ ewé tàn.
"Méjìlá àti díẹ̀. Ara ẹ̀ le koko."
Yorùbá Ìlọrin ló ń sọ. Mo sanwó, mo dúpẹ́.

Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.
Mo yí kọ́kọ́rọ́:
kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ikọ́ arúgbó,
lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

Ìlíyà rẹ́rìn-ín.
"Ọ̀gá, ẹni tó jókòó la bi léèrè lánàá.
Ẹ tan iná iwájú, ká dẹ́rù lé e, ká tún un bi."
Nọ́ńbà já wálẹ̀ sí mẹ́jọ.

Lálẹ́, ìyá mi pè láti Òmù-Àrán.
Mo jókòó sínú òkùnkùn.
"Ṣé kò sí nǹkan?"
"Kò sí nǹkan kan, Màámi."