Orúkọ Ẹja Níbi Tí Kò Sómi

Ìyá bàbá mi, Bíbízádà, a máa tún àwọ̀n ṣe
lójoojúmọ́, lẹ́yìn tíì àárọ̀,
ní Móínákì wa, níbi tí òkun Árálì ti jìnnà sí ilé
tó ìrìn ọjọ́ mẹ́ta fún ràkúnmí.
Abẹ́rẹ́ onígi lọ́wọ́ ọ̀tún, okùn láàárín eyín,
á ta kókó kan, á tún ta òmíràn,
bí ẹni pé ọkọ̀ ń dúró dè é lẹ́yìnkùlé.
Ọkọ̀ mà ń dúró lóòótọ́:
mọ́kànlá ni mo kà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje,
irin tí ìpáàrà ti jẹ, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí iyanrìn,
tí màlúù ń sá oòrùn sí lábẹ́.

"Ó yá, dárúkọ wọn," èmi a sì bẹ̀rẹ̀:
Bekire, tó gbé egungun rẹ̀ wọ̀ síta bí ẹ̀wù.
Ṣọ́tán, eyín ṣóńṣó, ọ̀tá ọmọ ẹja.
Jayin, olórí ńlá inú ẹrẹ̀,
tí irùngbọ̀n rẹ̀ ju ti ìmáàmù lọ.
Sasan, tó sanra débi pé èèyàn méjì ní í gbé e.
Èmi tí n kò rí ẹja rí àfi inú agolo,
mo mọ bí ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń jà nínú àwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi Jáńábáyì fi mí rẹ́rìn-ín.
"Kọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ́ èdè àwọn oníṣòwò.
Ta ni yóò sanwó fún orúkọ òkú ẹja?"
Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyá bàbá mi lọ.
Kò dá mi lóhùn. Ó bi mí:
"Ta ló gbé òkun lọ?"
Mo ní, "Ọlọ́run ni."
Àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Má parọ́ mọ́ Ọlọ́run nínú ilé mi!"

Ó ní àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú gègé,
wọ́n fa ìlà sórí ìwé, odò Ámù sì tẹ̀lé ìlà náà
wọ inú oko òwú, kò padà jáde.
"Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ká òwú títí èékánná mi fi là.
Wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ. Inú mi dùn. Mo jó."
Ó ṣí agolo iyọ̀, ó fi hàn mí:
idẹ kékeré kan, ó ti dúdú bí eyín amusìgá.
"Mo tọ́jú rẹ̀ kí n má baà máa sọ pé
àwọn kan ló ṣe é."

Wọ́n máa ń ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ ni yóò gbẹ.
Èyí tí mo mọ̀ kò gbàgbé nǹkan kan.
Àwa la gbàgbé, òun ló gbẹ.

Bíbízádà ti sùn sábẹ́ iyanrìn báyìí.
Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yàrá ìkọ́ni tí fèrèsé rẹ̀
ń kún fún eruku oníyọ̀ ní gbogbo oṣù kẹrin.
Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wọ gbọ̀ngàn ìlú,
bàtà rẹ̀ ń dán, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì.
Ó fẹ́ gbẹ́ kànga jíjìn mẹ́rìnlélógún, fún oko bàrà.
Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa pàdánù nǹkan kan.
Ṣebí aṣálẹ̀ ni ibí yìí látijọ́."

Gbọ̀ngàn dákẹ́. A ṣáà nílò iṣẹ́.
Ìgbà náà ni Túrsínáì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Bekire. Ṣọ́tán."
Ẹlòmíràn lẹ́yìn ní, "Jayin."
Ọkùnrin náà wò yí ká.
"Kí ló ń jẹ́ bekire?"

Kò sẹ́ni tó tètè fèsì.
Jáńábáyì, tó ti hu ewú báyìí, ló dìde,
ó fa àga kan sún mọ́ àlejò.
"Jókòó," ó ní. "Ọ̀rọ̀ náà gùn."