Ọ̀sẹ̀ Mẹ́tàlá

Wákàtí méjì péré ni fíìmù náà gbà nígbà náà.
Ìjọ̀kà níhìn-ín ni wọ́n ti yà á, lẹ́bàá ilé wa.
Bàbá mi yá wọn ní bẹ́líìtì rẹ̀ gidi,
èyí tó fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Wọn ò dá a padà.
Kí ẹni tó ń jẹ gúgúrú tó jẹ ẹ́ dé ìdí abọ́,
wọ́n ti mú apànìyàn, wọ́n ti tì í sẹ́yìn ọkọ̀,
gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ti wá sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣọ̀n.
Òkú kan náà, òpópónà kan náà,
Ìnsípẹ́kítọ̀ tuntun tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán bí bàtà ọjọ́ ìwúyè,
ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá gbáko,
alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ.
A ò gbọdọ̀ mú apànìyàn kí ìpolówó ọṣẹ tó tán.

Bàbá mi, Sájẹ́ǹtì Fáparusì tó ti fẹ̀yìn tì,
jókòó sórí àga onírọ́bà, ó ń bá dígí jà:
"Ta ló ń fọwọ́ lásán gbé ọ̀bẹ ẹ̀rí?
Ẹ wo bó ṣe ń sáré! Ọlọ́pàá wo ló ń sáré báyẹn?
Ọkọ̀ wo? Epo wo?
Àwa la máa ń ní kí olùfisùn lọ ra bébà wá
ká tó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀."
Á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á dákẹ́ wẹ́lo
nítorí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ìyá Olúwalógbọ́n ni.
Aago méje ààbọ̀ ló máa ń dé, á bọ́ bàtà síta,
á gbé àga tirẹ̀ wọlé bí ẹni tó wá sípàdé.
Olúwalógbọ́n ló ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́bàá odò Àlà
títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá a nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù,
irin tó fi ń jó òjé ṣì gbóná lórí tábìlì.
Bàbá mi ló kọ ẹjọ́ náà.
Fáìlì wọ kọ́bọ́ọ̀dù téṣàn, kò jáde mọ́.
Àwọn onífíìmù gbọ́ ìtàn náà, wọ́n yí orúkọ padà,
wọ́n sì bá wa mú ẹni tí a ò rí mú.

"Alẹ́ tí mo wo fíìmù yẹn," ló sọ fún ìyá mi nígbà kan,
"mo sùn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni o. Mo sùn."

Wàyí, wọ́n ti tún tú u sílẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ń rìn kiri.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ń fẹ́ ìyàwó.
Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹlòmíràn ni wọ́n mú, wọ́n nà án, wọ́n fi í sílẹ̀.
Ìyá ń fi ìka ka á lórí orúnkún rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kejìlá, wọ́n kan ìlẹ̀kùn ilé kan,
ìlẹ̀kùn ń ṣí, a rí bàtà, a rí etí ṣòkòtò,
wọ́n mú iná lọ.

"Nẹ́pà!" ni àdúgbò ké, láti Ìjọ̀kà títí dé Òkè-Àró.
A ò dìde. Epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ látàná.
Nínú òkùnkùn yẹn ni ìyá ti béèrè,
kì í ṣe lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n:
"Sájẹ́ǹtì, ṣé wọ́n ti mú un?"

Bàbá mi, tó ní èsì fún gbogbo ọlọ́pàá inú dígí,
mo gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ wá nǹkan ní ìbàdí,
bí ẹni ń wá bẹ́líìtì.

Ó pẹ́ kí ìyá tó dìde.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́,
níbi tí òjé tí ọmọ rẹ̀ jó ṣì ti so wáyà méjì pọ̀.
"Ó ṣì gbóná," ló wí.
Ó gbé àga rẹ̀. Ó ní ó di Ọjọ́bọ̀.