Òógùn, Oògùn

Lábẹ́ páànù tó ń ta pàù ní Bódè,
Sìfáwù di èèpo ọ̀gánwó sínú ọ̀rá dúdú,
ó so ẹnu rẹ̀ pinpin.
Ó ní nítorí eruku.
Mo tú u. Òógùn ni mo bá níbẹ̀,
n ò bá oògùn.
Ó ti bu, funfun bí irùngbọ̀n àgbà.
Mo fi ahọ́n kàn án:
kò korò.

"Ìwọ̀n rẹ̀ ṣáà pé," ni Sìfáwù wí.

Ìyá rẹ̀, ní Ọjà Ọba,
àjà ló ń há a sí, lókè ààrò tí oòrùn kò dé;
ọdún kẹta, ègé kan ṣoṣo
ṣì ń mú ọmọdé fajú ro.

Kí ni kí n bá a wí?
Gáàsì ni mo fi ń dáná ní Kúdẹtì.
Àjà ilé mi funfun báláú,
èéfín kò kàn án rí.